Agbẹ̀kán Ìkòkò Tíì: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Hun Ún

Agbẹ̀kán ni orúkọ tí àròkọ yìí yóò máa lò fún ohun èlò kékeré kan tí àwọn ará Jámánì máa ń so mọ́ abẹ́ ẹnu ìkòkò tíì tàbí ìkòkò kọfí, kí ẹ̀kán tí ó bá ṣẹ́kù sí ètè ìkòkò lẹ́yìn tí wọ́n bá da tíì tán má baà ṣàn gba ara ìkòkò lọ sísàlẹ̀, kí ó sì ba aṣọ tábìlì jẹ́. Láti ara "gbà" àti "ẹ̀kán" ni orúkọ náà ti jáde, ó sì bá èyí tí àwọn tó ni ín ń pè é mu, nítorí pé Tropfenfänger ni orúkọ rẹ̀ lédè Jámánì, níbi tí Tropfen ti jẹ́ ẹ̀kán, tí Fänger sì jẹ́ ẹni tàbí ohun tí ń mú nǹkan. Ẹnu ìkòkò tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe ojú òkè tí wọ́n ń fi ọmọrí dé, bí kò ṣe ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síwájú, tí tíì ń gbà jáde. Ètè sì ni etí ọ̀nà náà gan-an, níbi tí omi ti ń fi ìkòkò sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn fi ń ṣi nǹkan yìí lóye. Àwọn kan rí labalábá tàbí òdòdó tó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àwọn mìíràn gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìkòkò lẹ́kun kí ó má kán mọ́, tí wọ́n bá sì rí i pé ó ṣì ń kán, wọn a tú u kúrò, wọn a sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àṣìṣe kejì yìí ló burú jù, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ pé ńṣe ni agbẹ̀kán ń gba ẹ̀kán, pé kì í dí i lọ́nà, kò lè yan òwú tó yẹ, kò sì ní mọ ibi tí ó yẹ kí ó so ó mọ́.

Ibi tí agbẹ̀kán ti jẹyọ

Tábìlì ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni ilé agbẹ̀kán. Ó jẹ́ àṣà ní Jámánì kí ẹbí àti àlejò jókòó pọ̀ ní ọ̀sán láti mu kọfí tàbí tíì pẹ̀lú kéèkì, aṣọ funfun tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí lára ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ́ sórí tábìlì, pẹ̀lú àwo tánganran tí ó lè ti jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn ènìyàn yìí kì í fi ojú kékeré wo àwo tánganran, nítorí pé ilẹ̀ wọn, ní ìlú Meissen, ni ilé iṣẹ́ tánganran líle àkọ́kọ́ ní Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1710. Àbàwọ́n tíì kan ṣoṣo lórí aṣọ funfun bẹ́ẹ̀ kì í fi bọ̀rọ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì ti fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí kò ní ka ẹ̀kán kan sí ohun kékeré.

Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún, agbẹ̀kán tó wọ́pọ̀ jẹ́ fóòmù tí wọ́n ṣe róbótó bí ìka ọwọ́, tí wọ́n ki okùn rọ́bà bọ àárín rẹ̀. Fóòmù náà á wà lábẹ́ ẹnu ìkòkò, wọ́n á sì fa rọ́bà náà lọ fi kọ́ kókó tó wà lórí ọmọrí. Bí fóòmù náà bá jẹ́ ti polyurethane, kò lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé 1937 ni Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leverkusen ṣàwárí polyurethane, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù ibùsùn títí dòní, àwọn ọdún 1950 ni fóòmù rírọ̀ sì tó wá di ọjà gbogbo ènìyàn. Àléébù fóòmù ni pé ó máa ń gbó: àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Èyí tí wọ́n fi òwú hun kì í rún bẹ́ẹ̀, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé sè nínú omi gbígbóná, òwú díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mìíràn sì tó láti fi ṣe é.

Bí kọfí ti gbilẹ̀ tó ní ilẹ̀ náà, agbègbè kan wà ní etí òkun ní àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ostfriesland, tí tíì ti borí kọfí pátápátá. Nǹkan bí lítà 300 ni wọ́n ń ṣírò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu níbẹ̀ lọ́dún, wọ́n sì ti kọ àṣà tíì mímu wọn sínú ìwé àjogúnbá àṣà orílẹ̀-èdè Jámánì ní 2016. Ègé ṣúgà ńlá kan tó dì bí òkúta, tí wọ́n ń pè ní Kluntje, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi sínú ife. Wọn á da tíì gbígbóná lé e lórí, ṣúgà náà á sì sán pẹ́pẹ́ létí àwọn tó jókòó. Wọn á wá fi ṣíbí kékeré da ọ̀rá wàrà sí ẹ̀gbẹ́ ife láìrò ó pọ̀. Ife mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, ẹni tí kò bá fẹ́ sí i á fi ṣíbí rẹ̀ sínú ife láti fi hàn pé ó tó. Ife náà kéré, dídà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí àlejò márùn-ún bá wà nídìí tábìlì, ìgbà 15 ni wọn yóò gbé ìkòkò sókè, ìgbà 15 náà ni wọn yóò sì dá dídà dúró, ìgbà ìdádúró yìí gan-an ni ẹ̀kán máa ń ṣẹ́kù sí ètè.

Ìdí tí ìkòkò fi ń kán

Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ẹ̀kán ru ọwọ́ ẹni tó ń da tíì, tàbí ọwọ́ amọ̀kòkò tó ṣe ìkòkò. Ẹ̀bi náà kò tọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn tán. Ẹni tí ó bá ti da emu láti inú akèrègbè, tàbí tí ó ti rọ epo pupa láti inú ìgò, mọ̀ pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ohun olómi náà á já lọ tààrà, ṣùgbọ́n bí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni yóò yí padà sábẹ́ ètè, tí yóò sì máa bá ara ìgò lọ. Ohun kan náà ni ó ń ṣe ìkòkò tíì.

Ní 1956, Markus Reiner, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń ṣàn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Technion nílùú Haifa, gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn onímọ̀ físíìsì, ó sì fún un ní orúkọ tí ó lè túmọ̀ sí "ìṣesí ìkòkò tíì". Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé lílẹ̀ tí omi ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò nìkan ló ń fà á. Joseph Keller, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1957 pé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ sí i: nígbà tí omi bá ń yí gba etí ètè kọjá, agbára tí omi fi ń ti nǹkan níbẹ̀ á dín kù sí ti afẹ́fẹ́ tó wà lóde rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì ti omi náà mọ́ ara ìkòkò. Iṣẹ́ tí Keller àti Jean-Marc Vanden-Broeck ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára èyí tó gba ẹ̀bùn Ig Nobel ní ẹ̀ka físíìsì ní 1999, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó mú un ronú.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí omi ṣe lè tẹ́ sára ètè ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé nígbà tí wọ́n kun ètè náà ní ohun tí omi kì í dúró lé lórí, ìṣesí náà pòórá. Ní 2021, Bernhard Scheichl ní Vienna, pẹ̀lú Robert Bowles àti Georgios Pasias ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún: ẹ̀kán kékeré kan máa ń dúró sí abẹ́ ètè nígbà gbogbo, títóbi rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bí tíì ṣe ń yára jáde tó. Bí tíì bá ń yára, ẹ̀kán náà kò ní lágbára láti yí i padà. Bí ó bá ń lọ́ra ju ìwọ̀n kan lọ, ẹ̀kán náà á tóbi, á fa ìṣàn náà mọ́ra, á sì darí rẹ̀ gba ara ìkòkò lọ.

Ohun tí ìmọ̀ yìí ń sọ fún onílé ni pé ìkòkò tí ètè rẹ̀ mú bérébéré, tí wọ́n sì ń dà kíákíá, kì í kán púpọ̀. Ṣùgbọ́n ètè tó mú bẹ́ẹ̀ máa ń tètè fọ́, dídà kíákíá sì lè ta omi gbígbóná sí àlejò lára. Àwọn kan máa ń fi bọ́tà pa abẹ́ ètè, èyí sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, nítorí pé omi àti ọ̀rá kì í fẹ́ ara wọn, àmọ́ kì í pẹ́ tí omi gbígbóná fi ń yọ́ ọ. Kí ẹ̀kán máa bọ̀, kí wọ́n sì fi nǹkan dúró dè é lójú ọ̀nà rẹ̀, ni ó bọ́gbọ́n mu jù, èyí sì ni iṣẹ́ agbẹ̀kán.

Bí òwú ṣe ń gba ẹ̀kán kò yàtọ̀ sí bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Kò sí ẹni tó ń ti epo gòkè nínú fìtílà; àlàfo tín-ín-tìn-ìn tó wà láàárín fọ́nrán òwú ló ń fà á, nítorí pé ohun olómi tí ó bá lè tẹ́ sára fọ́nrán máa ń rá wọ inú àlàfo náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀kán tíì bá ti fara kan òwú híhun, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí ó pọ̀ lọ jaburata ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Ohun tí "híhun" túmọ̀ sí níhìn-ín

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, "hun", ni Yorùbá ń lò fún aṣọ òkè, ẹní, apẹ̀rẹ̀ àti fìlà ọmọ ìkókó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Aṣọ òkè ń fẹ́ òfì, níbi tí òwú tó na gbọọrọ ti ń dúró tí òwú mìíràn sì ń dábùú wọn kọjá. Híhun tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kò ní òfì: okùn òwú kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì tí kò ní ihò fà ní ojóbó, tí ojóbó tuntun ń gba inú ti àtijọ́ jáde. Òun ni ó fi yàtọ̀ sí kíróṣé, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ lórí ṣe, tí ojóbó kan péré sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ojóbó ni gbogbo ara aṣọ oní-abẹ́rẹ́ méjì, ó máa ń nà, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún omi, ju aṣọ òfì lọ.

Láti Íjíbítì ni àwọn àjákù iṣẹ́ yìí tó lọ́jọ́ lórí jù ti wá, ìbọ̀sẹ̀ òwú aláwọ̀ aró àti funfun sì wà lára wọn. Ilẹ̀ Jámánì náà ní ẹ̀rí àtijọ́ tó lẹ́wà: nínú àwòrán pẹpẹ tí wọ́n ṣe fún ìlú Buxtehude ní nǹkan bí 1400, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Master Bertram, tí ó sì wà ní ilé àwòrán Kunsthalle ní Hamburg, Màríà ìyá Jésù jókòó, ó ń fi abẹ́rẹ́ mẹ́rin hun ẹ̀wù tí kò ní ojú rírán.

Òwú àti abẹ́rẹ́

Òwú gidi tó wá láti ara igi òwú ló dára jù fún apá tó ń gba ẹ̀kán. Ọ̀pọ̀ ló rò pé irun àgùntàn ló yẹ, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ híhun, ṣùgbọ́n irun àgùntàn ní ìpẹ́ lára àti ọ̀rá tó ń lé omi sẹ́yìn. Ẹ̀kán lè dúró lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò kí ó tó pinnu láti wọlé, kí ó sì ti bọ́ sórí tábìlì kí ó tó pinnu. Àkírílíìkì, tí ọ̀pọ̀ wúùlù ọjà jẹ́, kì í fa omi sínú fọ́nrán rẹ̀, àlàfo àárín fọ́nrán nìkan ló ń gba omi dúró. Ó dára fún òdòdó orí rẹ̀ ju fún agbẹ̀kán fúnra rẹ̀ lọ. Òwú tuntun pàápàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ omi ọṣẹ gbígbóná, kí ohun tí ilé iṣẹ́ fi ra á lára lè ṣí kúrò. Kí wọ́n sì fi òwú aláwọ̀ tí omi ti rin tẹ aṣọ funfun wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, torí pé agbẹ̀kán tó ń ro aró sórí tábìlì burú ju àìní agbẹ̀kán lọ.

Abẹ́rẹ́ tó nípọn mìlímítà 2.5 tàbí 3 ló bá òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mu.

Bí wọ́n ṣe ń hun ún

Ojóbó mẹ́wàá ni wọ́n máa ń dá sórí abẹ́rẹ́ kan, èyí tí yóò fún aṣọ náà ní ìbú bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ kejì bọ inú ojóbó àkọ́kọ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, wọ́n á fi òwú yí ṣóńṣó rẹ̀ ká, wọ́n á fa òwú náà gba inú ojóbó yẹn jáde, wọ́n á sì jẹ́ kí ojóbó àtijọ́ yọ́ kúrò. Báyìí ni wọ́n á ṣe fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìlà kan á sì parí. Wọ́n á yí iṣẹ́ náà padà, wọ́n á tún ṣe bákan náà láìyí ọwọ́ padà. Bí gbogbo ìlà bá rí bẹ́ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ náà á bára dọ́gba, ebè wẹ́wẹ́ á sì hù sí i lára bí ebè oko. Ebè yìí ṣe pàtàkì: òun ni ó ń mú kí aṣọ náà nípọn, kí ó sì ní kòtò tí ẹ̀kán lè dúró sí. Ìhun tó ń dán lójú kan, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn fún ẹ̀wù, kò ní irú ìnípọn bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ sì máa ń ká jọ.

Nígbà tí aṣọ náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, tí yóò jẹ́ nǹkan bí ìlà 55 sí 60, wọ́n á pa ojóbó dé, ìyẹn ni pé wọ́n á máa fi ojóbó kan bo èkejì mọ́lẹ̀ títí kò fi ní ku ìkankan lórí abẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi òwú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ fún rírán. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi okùn rọ́bà lé etí rẹ̀ kan, wọ́n á sì ká aṣọ náà yí rọ́bà ká bí ìgbà tí wọ́n bá ń ká ẹní, yóò sì nípọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ le jù níbi kíká yìí. Aṣọ tí wọ́n ká pinpin kò ní àyè tí omi yóò gbà wọlé, èyí tí wọ́n sì ká gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ á fà sísàlẹ̀ bí ó bá ti rin. Bí wọ́n bá ti rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara agbẹ̀kán ti délẹ̀.

Láti mọ gígùn rọ́bà, wọ́n á fi okùn lásán gba abẹ́ ẹnu ìkòkò, wọ́n á fà á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé kókó ọmọrí, wọ́n á sì gé rọ́bà tí ó fi ìdá mẹ́rin kúrú sí i, kí ó lè fà le dáadáa. Àwọn kan máa ń fi okùn híhun bo rọ́bà yìí: ojóbó mẹ́ta ni wọ́n ń dá sórí abẹ́rẹ́ olójú ṣóńṣó méjì, tí wọ́n bá parí ìlà kan, wọn kì í yí i padà, ńṣe ni wọ́n ń ti àwọn ojóbó náà lọ sí orí kejì abẹ́rẹ́, òwú tó gba ẹ̀yìn kọjá á sì fa á pọ̀ di ọ̀pá oníhò. Elizabeth Zimmermann, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Munich kí ó tó di ará Amẹ́ríkà, ló sọ irú okùn yìí di olókìkí láàárín àwọn ahunṣọ. Ohun kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé níbí: òwú tó ń fa omi kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró. Bí okùn híhun náà bá fara kan ara agbẹ̀kán, yóò fa tíì gòkè lọ sórí ọmọrí, gẹ́gẹ́ bí òwú fìtílà ti ń ṣe. Nítorí náà, rọ́bà tó tó ìbú ìka méjì gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì agbẹ̀kán.

Òdòdó orí rẹ̀ ni ibi tí ọwọ́ ahunṣọ ti lómìnira. Èyí tó rọrùn jù, tí ó sì bá rósì pupa tí wọ́n ń yà sára àwo tíì Ostfriesland mu, ni kí wọ́n dá ojóbó mẹ́wàá, kí wọ́n hun ojóbó méjì sínú ìkọ̀ọ̀kan di 20, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ di 40, kí wọ́n sì pa á dé. Aṣọ náà á ká wérewère fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá yí i po tí wọ́n rán ìdí rẹ̀, rósì ni yóò dà. Ẹ̀bá kókó ọmọrí ni ipò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bá ẹnu ìkòkò.

Lílò àti ìtọ́jú

Ẹ̀yìn ètè, ní nǹkan bí ìbú ìka kékeré kan, ni agbẹ̀kán gbọ́dọ̀ wà, kí òwú rẹ̀ sì kan ara ìkòkò dáadáa. Bí ó bá sún síwájú jù, ìṣàn tíì fúnra rẹ̀ á máa kọjá lára rẹ̀. Bí ó bá sún sẹ́yìn jù, ẹ̀kán á ti já sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Ostfriesland, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ìkòkò lé Stövchen, ìyẹn àdògán kékeré tí àbẹ́là ń jó nínú rẹ̀, òwú kankan kò gbọdọ̀ fì wálẹ̀ sí ìdí ìkòkò.

Agbẹ̀kán kì í gba omi láìní òpin. Nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló ń di mìlílítà kan, nítorí náà bí ó bá lè gba mìlílítà mẹ́ta dúró, ó ti gba ẹ̀kán 60. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kún, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ìgbà yìí ni àwọn tí kò lóye rẹ̀ máa ń sọ pé kò wúlò. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án ní ọjọ́ náà gan-an kí àwọ̀ tíì tó jẹ ẹ́ wọra, wọ́n á sì sá a kí ó gbẹ dé inú, nítorí pé inú rẹ̀ tí wọ́n ká ló ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ibẹ̀ sì ni èéhù máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án, torí pé ó ń bo fọ́nrán òwú, omi kò sì ní tètè wọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń hun méjì pọ̀: bí ọ̀kan bá wà lára ìkòkò, èkejì á wà lórí okùn nínú oòrùn.